Ẹnì Kan Ṣoṣo Nínú Àtẹ Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Mo ti kó ìwé ìgbéga mi sílẹ̀. Fáìlì mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn débi pé akọ̀wé ní kí n rọra gbé e kalẹ̀ kí tábìlì òun má baà yẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àwọn òṣìṣẹ́: ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ràn iṣẹ́, ohun tó ń mú kó máa sá fún un, ìdí tí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ọ̀gá fi lè ba odindi ọ̀sẹ̀ jẹ́ fún èèyàn. Mo ti lo mẹ́sàn-án nínú ọdún wọ̀nyẹn ní ipò kan náà. Àwọn tí mo kọ́ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n níbòmíràn. Ohun tí fáìlì mi kò ní lọ́dún tó kọjá ni iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan nínú jọ́nà tó lórúkọ. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí: ilé iṣẹ́ ọṣẹ, òṣìṣẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá, ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́jọ.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bébà ìtẹ̀wé tún ti gbówó lórí, mo sì ń kùn títí mo fi délé. Bàbá àwọn ọmọ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abọ́ ń retí yín nínú ilé ìdáná." Mo fọ abọ́ náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo lọ jábọ̀ ìwádìí náà fún máníjà ilé iṣẹ́ ọṣẹ, bí mo ṣe ṣèlérí. Ọkùnrin kékeré ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ó gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mo dé orí àtẹ kẹrin, níbi tí mo ti pín èsì sí ẹ̀ka iṣẹ́, sí ọkùnrin àti obìnrin, àti sí iye ọdún tí wọ́n ti lò, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀."

Mo dúró. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

"Ẹ̀kọ́ wà nínú àtẹ yìí," ó ní. "Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà méjì sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Oòrùn mú. Mo sùn dáadáa. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Òní ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì bí a ṣe ń pa àṣírí ẹni tó dáhùn ìbéèrè wa mọ́. Ọdọọdún ni, ìwé kan náà, àwàdà kan náà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé bí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kan kò bá pé márùn-ún, a kì í fi ẹgbẹ́ náà hàn nínú àtẹ, dídà ni a ń dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Mo wá fi àwàdà tèmi sí i: "Bí ẹ bá kọ ọ́ pé gbogbo obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan kórìíra kóòṣì, tó sì jẹ́ pé obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ ṣì ní láti dárúkọ rẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rántí àtẹ kẹrin.

Mo ní kí wọ́n máa kàwé lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ́fíìsì. Mo ṣí àtẹ kẹrin. Ó wà ní ìlà kẹsàn-án. Yàrá ìkòkò. Obìnrin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè. Iye èèyàn: ọ̀kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọ̀gá: ọ̀kan nínú márùn-ún. Èmi kò sì fi mọ síbẹ̀, mo tún fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ sábẹ́ àtẹ nítorí pé ó dùn-ún kà: "Wọn kì í wo aago tó ń wọn ìgbóná ìkòkò kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ìkòkò yẹn máa bú."

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní yàrá ìkòkò, níbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Màmá Ìkòkò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, láti orí máníjà dé orí ẹni tó ń ṣí géètì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo pe ọ́fíìsì máníjà pé àṣìṣe wà nínú ìjábọ̀ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù, pé máníjà ti ní kí àwọn tẹ ẹ̀dà mẹ́wàá sí i, gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka sì ti gba tiwọn. Mo bi í bóyá ọ̀gá yàrá ìkòkò wà nínú wọn. Ó ní òun ló kọ́kọ́ wá gba tirẹ̀.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò fún jọ́nà ló kọ̀wé sí mi pé àtẹ mi kò fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó, kí n pín in síwájú sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Bí mo bá pa òfin ẹni márùn-ún mọ́, ìyàtọ̀ tí ẹni náà fẹ́ rí yóò pòórá, jọ́nà lè dá iṣẹ́ náà padà, fáìlì mi á sì tún di ti ọdún tó ń bọ̀. Mo pín in. Mo ní màá padà wá wo àwọn ìlà tí èèyàn inú wọn kò pọ̀. Mi ò padà wá.

Mo lè lọ dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ nírọ̀lẹ́ òní, kí n kìlọ̀ fún un. Mo sọ fún ara mi pé mo ní ìwé láti máàkì. Mo máàkì mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ó pè mí. Nọ́ńbà mi wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìbéèrè náà, fún ẹni tó bá ní ohun tó rú u lójú.

"Ṣé Olùkọ́ tó kó ìwé wá fún wa nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá." Mo ti mọ ẹni tó jẹ́.

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá wa ka ọ̀rọ̀ mi sí mi létí, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bóyá ojú oorun ni mo ti sọ ọ́ jáde."

Mo dìde kúrò lórí àga. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Mi ò pè yín fún ìjà o. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó sọ fún un ni."

"Èmi ni," mo ní. "Mi ò dárúkọ yín, Màmá, àmọ́ èmi náà ni."

Mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn sínú garawa lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ẹ̀rọ omi náà pa. "Ó dáa," ó ní. "Mo ti gbọ́." Ó sì gé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ń rántí ọjọ́ tí mo pín ìwé ìbéèrè náà. Ó mú tirẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Olùkọ́, bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni ń kọ́?" Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Màmá, èmi gan-an tí mo ń bi yín kò ní mọ̀." Bí mo ṣe sọ ọ́ fún igba èèyàn nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ. Iná mànàmáná niṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí à ń pè ní aago ìgbóná. Mo rò pé ó máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn béèrè pé, "Ohun tó sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Èwo?"

"Pé wọn kì í wo aago."

Mi ò mọ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn bí ìgbà ogún. Mo ti fi sí abẹ́ àkòrí, mo ti fún un ní nọ́ńbà, mo ti fi wé ti àwọn ẹ̀ka yòókù. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Ojú tì mí débi pé mo dìde kúrò níwájú ọkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ bá máníjà. Ó pèsè àga fún mi, ó pèsè omi tútù. Mo sọ fún un pé àṣìṣe mi ni àtẹ kẹrin, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó wà níbẹ̀ ṣe nǹkan kan fún òṣìṣẹ́ kankan, pé kó jọ̀ọ́, kó dá Màmá Ìkòkò padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ta ló wá sọ pé torí àtẹ ni?" ó ní. Kò gbóhùn sókè. "Àtúntò là ń ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ dá a lábàá."

"Èmi?"

Ó ṣí ìjábọ̀ mi. Ó ti fi yẹ́lò sàmì sí ibì kan, ó sì kà á fún mi bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ: yàrá ìkòkò ni àìgbẹ́kẹ̀lé ti pọ̀ jù lọ, ó sì yẹ kí àwọn aláṣẹ tètè mójú tó o.

"A ti mójú tó o," ó ní.

Mo bi í nípa aago ìgbóná. Ó ní ìyẹn ti kọjá ohun tí òun àti èmi jọ fọwọ́ sí. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń kọjá lọ sí géètì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó páálí tó máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ kò kí mi. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn ń kó páálí wọn lọ. Òùngbẹ gbẹ mí títí mo fi délé, mi ò mu omi ọkùnrin yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa. Àwa olùkọ́ ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ-Rọra, torí kò sí ohun tí èèyàn mú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ pé kó rọra. Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí jọ́nà kí wọ́n fa iṣẹ́ náà yọ kúrò, mo sì fẹ́ fi ara mi sun ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí.

"Ta ló fẹ̀sùn kàn yín?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"Nígbà náà, ẹ rọra." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àwọn olùyẹ̀wò láti ìta mẹ́ta là ń retí lórí fáìlì yín, Dókítà. Méjì ti dáhùn. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n kọ, àmọ́ ẹ wo ojú mi." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ yẹn ni wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ lóṣù yìí, kí ló kù nínú fáìlì?"

"Obìnrin náà ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, sà."

"Ṣé tí ẹ bá pàdánù tiyín, wọ́n á dá tirẹ̀ padà fún un?"

Mo kórìíra rẹ̀ fún ìbéèrè yẹn, torí pé òun ni mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo lọ sílé Màmá Ìkòkò. Yàrá méjì ni, lókè pátápátá, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Ó ń fi okùn so àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Apá rẹ̀ ọ̀tún ní àpá iná láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àpá àtijọ́ tó ti ń dán. Ó ní kí n jókòó. Ọkọ rẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì jáde, ó ní òun fẹ́ ra nǹkan.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà kò mọ́. Mo ṣàlàyé àtẹ náà fún un, mo yà á sórí bébà, mo fi ìlà kẹsàn-án hàn án. Ó yé e kíá, ó yé e ju àwọn ọmọ ọdún kejì lọ.

"Ìyẹn ni pé bí obìnrin mẹ́rin bá tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, wọn ò bá má mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọn kì í gba obìnrin síbẹ̀." Ó so okùn náà le. "Ẹ wò ó, Olùkọ́, ọ̀rọ̀ aago yẹn, ọdún mẹ́ta ló ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá tó jáde yẹn, torí ó máa ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò bá mi sunkún, kò sì ní kí n dákẹ́. Ó dúró kí n ṣe tán. Lẹ́yìn náà ló ní tí mo bá tún rí máníjà, kí n bá òun sọ fún un pé kí wọ́n wo aago ìkòkò kejì, pé ọwọ́ rẹ̀ ti há, kì í lọ sókè mọ́ bó ti wù kó gbóná tó.

Mo kọ̀wé sí máníjà lórí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fi lẹ́tà méjèèjì ránṣẹ́, ti jọ́nà àti ti ìgbìmọ̀. Òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Ọ̀gá Ẹ-Rọra kò kí mi ní kọ́rídọ̀. Akọ̀wé bi mí bóyá ara mi yá. Jọ́nà dáhùn, ìlà mẹ́rin péré: wọ́n ti fa iṣẹ́ náà yọ, wọ́n dúpẹ́ fún òótọ́ inú mi. Mo rò pé ara máa tù mí díẹ̀. Kò tù mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Èèyàn márùn-ún, bísíkíìtì, omi inú ike. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mi ò pa nǹkan kan mọ́. Alága wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, wo àtẹ kẹrin síwá sẹ́yìn.

"Dókítà, níbo lẹ kọ orúkọ obìnrin yìí sí?"

"Mi ò kọ ọ́, mà."

"Àdírẹ́sì rẹ̀ ń kọ́? Nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀. Àmọ́ òun nìkan ló wà ní..."

"Ohun tí mo bi yín ni bóyá ó wà níbẹ̀."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi pè mí wọlé pé mi ò jẹ̀bi. Kò sí orúkọ, kò sí àṣírí tó tú. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣe àṣejù nínú ìṣọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú dá mi lẹ́bi, kí n lè rí ìwé mú tọ ilé iṣẹ́ náà lọ pé ọ̀nà àìtọ́ ni wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Alága ní ìgbìmọ̀ kì í dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi. Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ẹ̀rín náà kò fẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà. Lẹ́tà náà ní kí n gbìyànjú lẹ́yìn ọdún méjì, bí mo bá ti ní iṣẹ́ ìwádìí tó tó ìwọ̀n. Lẹ́yìn ọdún méjì, mi ò ní ju ọdún mẹ́ta lọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá àwọn ọmọ bá mi gbé wọn láti inú ọkọ̀. Kò pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní kí n lọ jókòó, ó sì fọ abọ́. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọ́ èèyàn pọ̀ nípa òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti sú, mo mọ àmì rẹ̀ méjèèje lórí. Mo ka tèmi. Mo ní mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Màmá Ìkòkò wá sí ọ́fíìsì mi. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé báàgì kan há abíyá. Mo rò pé lọ́yà ló ti lọ bá, inú mi tilẹ̀ fẹ́ dùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ń wá ẹni tó lè mójú tó ẹ̀rọ gbígbóná, wọ́n sì fún un ní ìwé kan pé kó lọ kún un wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó nà án sí mi.

Irú ìwé ìbéèrè tiwa ni. Gbólóhùn ọgbọ̀n, àpótí márùn-ún níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀kan, "mi ò fara mọ́ ọn rárá," dé márùn-ún, "mo fara mọ́ ọn pátápátá." Ní òkè, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ìdáhùn tó dáa, kò sí èyí tí kò dáa, kí èèyàn ṣáà sọ ti inú rẹ̀.

"Mo ti sọ tinú mi lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan yìí wá. Ẹ sọ èyí tí màá mú fún mi."

Mo lè sọ fún un pé iṣẹ́ mi kò fàyè gba ìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

Gbólóhùn àkọ́kọ́: "Ọ̀gá mi máa ń gba ìmọ̀ràn." Mo ní kó mú márùn-ún. "Mo máa ń ní ìṣòro pẹ̀lú àwọn tó wà lókè mi." Ọ̀kan. "Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́, mo gbà pé àwọn aláṣẹ á tún un ṣe." Ó wò mí. Mo ní, "Mẹ́rin, Màmá. Tí ẹ bá mú márùn-ún síbẹ̀, wọ́n á fura." Ó mú mẹ́rin. Ó rọra ń sàmì sí wọn, kò jẹ́ kí ìlà kankan yà kúrò nínú àpótí. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mi ò sì ṣì í lọ́nà lórí ọ̀kan ṣoṣo. Mo mọ iṣẹ́ mi.

Ó ku èyí tó gbẹ̀yìn. Ó kà á sókè: "Gbogbo ohun tí mo sọ nínú ìwé yìí, òótọ́ ni."

"Márùn-ún," mo ní.

Ó mú márùn-ún. Ó wá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún.